Ṣé sátẹ́láìtì ń rí omi lábẹ́ ilẹ̀? Ìdáhùn fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlú kan ní Ìjùmú

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kan ní Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogi, lápá ibi tí ọ̀nà Kàbà gbà, ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Mo ké e kúrú díẹ̀: "Bọ́hóòlù mẹ́ta la ti gbẹ́ láàrin ọdún mẹ́fà. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń fún wa lómi, òun náà sì máa ń rẹ̀ tó bá ti di oṣù kejì. Odò wa, tó máa ń wà títí àkọ́rọ̀ òjò yóò fi dé, ti ń gbẹ báyìí kí oṣù kìíní tó parí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá wa pé òun máa fi sátẹ́láìtì wo abẹ́ ilẹ̀ ìlú wa látòkè, òun á sì tọ́ka sí ibi tí omi wà gan-an. Iye tó ń pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó bọ́hóòlù kan. Ṣé ká san án?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ òkun o. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú ìnáwó.

Ẹ má tíì san owó náà. Kò sí sátẹ́láìtì kankan lójú sánmà tó lè wo abẹ́ àpáta Ìjùmú kó wá sọ fún yín pé ibí ni omi wà, kò sí lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ má lé ọmọ náà lọ o. Àwòrán tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wúlò gan-an fún ẹni tó bá mọ ohun tó ń fi hàn àti ohun tí kò lè fi hàn láéláé. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyẹn, mo sì ti rí ìlú tó fi rí omi, mo ti rí èyí tó fi dá gbèsè. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ sátẹ́láìtì tó ń ya àwòrán ilẹ̀ ń ṣe kò ju pé wọ́n ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ta padà láti ojú ilẹ̀. Irú ìmọ́lẹ̀ kan wà nínú ti oòrùn tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ewé tútù máa ń ta á padà gan-an, omi sì máa ń gbé e mì. Nínú àwòrán tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ yìí yà, igbó á mọ́lẹ̀ yòò, omi á dúdú bí èédú. Láti ọdún 1996 ni ìṣirò kan ti wà, McFeeters ló gbé e kalẹ̀, tí a fi ń ya omi sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀ nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ó dára, a ń lò ó lójoojúmọ́. Àmọ́ omi tí oòrùn ń tàn sí ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Tí ilẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ bàtà kan péré bo omi mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Tí ẹ bá sọ èyí fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó lè dá yín lóhùn pé rádà, ẹ̀rọ tó ń rán ìgbì tirẹ̀ jáde tó sì ń wo bó ṣe ta padà, ń wọnú ilẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní 1981, rádà tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé lọ sí òfuurufú rí ojú odò àtijọ́ tí iyanrìn ti bò mọ́lẹ̀ ní aṣálẹ̀ Sahara. Ṣùgbọ́n iyanrìn tó gbẹ táútáú ni, kò sì jìn. Ilẹ̀ tiwa ní amọ̀, ó ní ọ̀rinrin, ewé sì bò ó. Rádà á kàn gbá a lójú, á padà. Ó tún lè dárúkọ GRACE, àwọn sátẹ́láìtì méjì tó ń tẹ̀lé ara wọn lójú sánmà láti 2002 títí di 2017, tí àwọn arọ́pò wọn gbéra ní 2018. Ìwọ̀nyẹn ń wọn agbára òòfà ilẹ̀, wọ́n sì ń fi mọ̀ bóyá omi agbègbè kan ń pọ̀ sí i tàbí ó ń dínkù, tòun ti èyí tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ ibi tó kéré jù tí wọ́n lè dá mọ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 300 ní ìbú, 300 ní òró. Gbogbo ìpínlẹ̀ Kogi pátá, láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Ìdá, á wọ inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Báwo ni yóò ṣe wá mọ ẹ̀yìnkùlé ààfin yín?

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti abẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ní àwọn ibì kan tó sún mọ́ Odò Ọya, yanrìn tó ti dì ló wà nísàlẹ̀, ó sì ń fa omi mu bíi kànrìnkàn. Ti Yàgbà, Mọ̀pà, Ìjùmú àti Kàbà kò rí bẹ́ẹ̀. Àpáta tó ti dàgbà púpọ̀ ni tiwa, irú èyí tí ẹ ń rí tó yọrí sókè káàkiri ìlú yín. Àpáta tó ṣì le gbagidi kò ní ihò tí omi lè gbà wọlé. Ibi méjì péré ni omi ń sá pamọ́ sí nínú rẹ̀. Èkíní ni ìpele tó ti jẹrà, tó wà láàrin ilẹ̀ òkè àti àpáta gidi. Ní ibì kan kò tó mítà márùn-ún, ní ibòmíràn ó lè tó ọgbọ̀n. Èkejì ni ibi tí àpáta náà ti sán, tí ojú sísán náà sì gba omi láti òkè.

Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi lè gbẹ́ bọ́hóòlù lónìí kó bá omi, kí aládùúgbò rẹ̀ gbẹ́ ní àádọ́ta ìṣísẹ̀ sí i kó bá eruku. Kì í ṣe àwọn babańlá ló ń bínú, kì í sì í ṣe pé ẹni tó gbẹ́ ẹ jẹ́ òle. Ọ̀kan bọ́ sí ojú sísán, èkejì bọ́ sórí àpáta tó dì.

Ibi tí àwòrán ti wúlò nìyí, nítorí pé ojú sísán ńlá sábà máa ń yọ àmì sí ojú ilẹ̀. Odò tó ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ á kàn ṣàdédé gún bí okùn tí wọ́n fà fún bíi kìlómítà kan, lẹ́yìn náà á tún yà fìrí. Ó ń tẹ̀ lé ibi tí àpáta ti rọ̀ ni. Àfonífojì méjì lè kọjú síra lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè kan ṣoṣo bíi pé ọ̀bẹ ló là á. Ní oṣù kejì, tí gbogbo koríko ti gbẹ, ìlà igi tútù kan á wà láàrin ilẹ̀ gbígbẹ, níbi tí kò sí odò. Ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ lè má kíyè sí i. Ẹni tó wò ó látòkè á rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Gíga àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà wà lọ́wọ́ wa: ní oṣù kejì ọdún 2000, Endeavour, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà fi ń gbé ènìyàn lọ sójú sánmà, fi rádà wọn ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀ ayé láàrin ọjọ́ 11, ìwọ̀n yẹn sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yìí ṣe pàtàkì fún àpò yín. Amẹ́ríkà ti ń fi àwọn sátẹ́láìtì Landsat ya àwòrán ilẹ̀ láti 1972, láti 2008 ni wọ́n sì ti sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Sentinel-2 ti àwọn ará Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ọ̀fẹ́ ni. QGIS tí a fi ń ya máàpù lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Nítorí náà, tí ọmọ náà bá sọ pé òun á ra àwòrán tówọ́n kí òun tó lè bẹ̀rẹ̀, ẹ bi í pé èwo ni. Owó iṣẹ́ rẹ̀, owó ìmọ̀ rẹ̀ àti owó ọkọ̀ rẹ̀ ló tọ́ kí ẹ san.

Àmọ́ ìlà tó gún lójú àwòrán kì í ṣe ojú sísán ní gbogbo ìgbà. Mo fi owó àwọn ènìyàn kọ́ ọgbọ́n yìí, ó sì ń dùn mí di òní. Ní ìlú kan ní Yàgbà, mo rí ìlà dúdú kan nínú àwòrán oṣù kìíní, ó gún dáadáa, ó gùn ju kìlómítà méjì lọ. Mo fi inú dídùn tọ́ka sí i. Àkókò kò tó, mi ò fi ẹsẹ̀ rìn ín parí. Wọ́n gbẹ́ ẹ dé mítà 54, eruku funfun ló ń jáde. Nígbà tí ẹ̀rọ ti dákẹ́, tí a dúró tí kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá arúgbó kan tó ń ti oko bọ̀ bi wá léèrè ohun tí a ń wá. A sọ fún un. Ó ní, "Níbí kẹ̀? Ojú ọ̀nà òpó iná tí wọ́n gé nígbà kan, tí wọn ò gbé òpó wá, nìyí." Koríko ojú ọ̀nà yẹn ló yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, iná oko sì ti jó o dúdú. Ohun tí mo rí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àlejò lójú, kò fi ríran. Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì tọ́ka sí ibì kankan tí mi ò kọ́kọ́ rìn pẹ̀lú ẹni tó ń ro oko níbẹ̀.

Kí ni kí ẹ wá ṣe? Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò ná yín ní nǹkan púpọ̀, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe: ẹ ka gbogbo kànga ìlú. Kì í ṣe bọ́hóòlù nìkan o, títí kan kànga ẹ̀yìnkùlé àti ìsun tó wà lọ́nà oko. Ẹ fún àwọn ọ̀dọ́ méjì ní fóònù tó ní GPS, kí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ibi tó wà, bó ṣe jìn tó, àti oṣù tó máa ń gbẹ. Àwọn obìnrin ni kí wọ́n bi léèrè oṣù tó ń gbẹ. Ọkùnrin ló sábà máa ń ni kànga, obìnrin ló ń pọn ún.

Mo ti rí i tí èyí yanjú ọ̀rọ̀ tó ti mú kí ẹgbẹ́ ìlú kan fẹ́ túká. A tẹ àwòrán ìlú náà sórí bébà ńlá, a tẹ́ ẹ sórí tábìlì ní gbọ̀ngàn. A fún àwọn ìyá ní àgbàdo àti òkúta wẹ́wẹ́. Kànga tí kì í gbẹ, kí wọ́n fi hóró àgbàdo lé e. Èyí tó ń gbẹ kí ọyẹ́ tó tán, kí wọ́n fi òkúta lé e. Fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ariwo ni. Ọ̀kan ní kànga ilé ìyá ọkọ òun kò gbẹ ní ọ̀dá 1983, èkejì ní irọ́ ni, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́n pẹ̀lú ẹrẹ̀. Wọ́n gbé hóró kan kúrò, wọ́n tún dá a padà. Nígbà tí ọwọ́ wọn kúrò lórí bébà, òkúta fọ́nká káàkiri, ṣùgbọ́n hóró mọ́kànlá nínú mẹ́rìnlá tò tẹ̀ léra láti ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kọjá, títí dé àkùrọ̀ tó wà lódì kejì ọ̀nà. Mo fi rúlà lé e. Bí mo ṣe fa ìlà náà síwájú, ó lọ bọ́ sí ibi tí odò wọn ti gún nínú àwòrán. Gbogbo ilé dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ní láti jà nípa àdúgbò ta ni bọ́hóòlù máa wà mọ́. Ibi tí ìlà yẹn gbà ni wọ́n ti ṣe sọ́fè, ìyẹn fífi iná bátìrì yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò, ibẹ̀ ni wọ́n gbẹ́, wọ́n sì bá omi.

Sọ́fè tí mo dárúkọ yìí ni ẹ kò gbọdọ̀ fò. Ẹ máa rí i tí wọ́n kan irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan, wọ́n á so wáyà mọ́ ọn, wọ́n á rán iná bátìrì wọ ilẹ̀ láti irin méjì ìta, wọ́n á fi méjì inú wò bí ilẹ̀ ṣe gbà á. Lẹ́yìn náà wọ́n á sún irin ìta sẹ́yìn, wọ́n á tún wò ó. Bí irin ìta bá ṣe ń jìnnà síra ni iná ń wọlẹ̀ jìn sí i. Àpáta tó dì kò fẹ́ kí iná kọjá; ibi tó ní omi máa ń gbà á. Àmọ́ amọ̀ náà ń gbà á dáadáa, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà gan-an nìyẹn. Amọ̀ máa ń mu omi yó, kì í sì í fi sílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó ṣe sọ́fè má kàn sọ fún yín pé "omi wà." Kó sọ bí ìpele tó jẹrà ṣe nípọn tó, bóyá amọ̀ ni tàbí àpáta sísán, àti mítà tó rò pé wọ́n máa gbẹ́ dé. Kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó buwọ́ lù ú. Kó sì ṣe é ní ó kéré tán ibi mẹ́ta lórí ìlà tí máàpù àti àwọn ìyá ti fi hàn, kí ẹ lè yan èyí tó dára jù. Sọ́fè náà lè ṣìnà o. Ṣùgbọ́n ẹni tó lo máàpù, tó rìn ín, tó sì ṣe sọ́fè, kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó kàn gbé ẹ̀rọ wá síwájú ilé ọlọ́lá ìlú nítorí pé òun ló dáwó jù.

Mo fẹ́ fi ohùn líle sọ ìyẹn, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀pọ̀ bọ́hóòlù tó kú ní ìlú wa, ojú ènìyàn ni wọ́n wò gbẹ́ ẹ.

Tó bá di gbígbẹ́, ẹ gbẹ́ ẹ ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, láàrin oṣù kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin. Omi tí ẹ bá bá nígbà yẹn, omi gidi ni. Èyí tí wọ́n gbẹ́ ní oṣù kẹsàn-án lè máa tàn yín. Kí wọ́n fa omi náà fún wákàtí púpọ̀ kí wọ́n tó kúrò, kí wọ́n sì máa wọn bó ṣe ń lọ sílẹ̀ àti bó ṣe ń padà. Ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ kò nílò ju nǹkan bíi lítà 1,000 ní wákàtí kan lọ, àpáta wa sì lè fún yín níyẹn níbi púpọ̀. Bọ́hóòlù tó ń rẹ̀ ní oṣù kejì yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀rọ tí ẹ gbé sínú rẹ̀ ló ń fà ju bí àpáta ṣe ń fún un lọ. Ẹ ṣe ìdánwò yìí fún un kí ẹ tó pè é ní òkú. Kí ibi tuntun náà sì jìnnà sí ṣáláńgá àti sọkawéè, ó kéré tán mítà 30, níhà òkè ilẹ̀ kì í ṣe nísàlẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ odò yín, níbẹ̀ sì ni mo rò pé sátẹ́láìtì yóò ti ràn yín lọ́wọ́ jù, bẹ́ẹ̀ ẹ ò tiẹ̀ béèrè nípa rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má retí pé ẹ máa rí omi odò náà fúnra rẹ̀. Àmì onígun mẹ́rin kan nínú àwòrán Landsat jẹ́ mítà 30 lọ́nà méjèèjì, ìyẹn bíi pùlọ́ọ̀tì ilẹ̀ méjì papọ̀. Ti Sentinel-2 jẹ́ mítà mẹ́wàá. Odò tí ọmọdé lè fò kọjá, tí igi sì bò, kò lè yọ níbẹ̀. Ohun tí ẹ máa rí ni igbó etí odò, àti gbogbo ilẹ̀ tó ń bọ́ odò náà. Fi ìwọ̀n gíga ilẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà á fa ìlà yí ká gbogbo ibi tí òjò bá ti rọ̀, tí yóò ṣàn wá sínú odò yín. Ọ̀pọ̀ ìlú ló máa ń yà lẹ́nu pé ìdajì ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwọn. Orí òkè àwọn aládùúgbò ni omi wọn ti ń bọ̀.

Ẹ wá mú àwòrán oṣù kìíní ọdún yìí, kí ẹ fi wé ti oṣù kìíní ọdún tó ti pẹ́. Ti Landsat wà láti àwọn ọdún 1980, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fọ́nká lápá ọ̀dọ̀ wa. Oṣù kan náà ni kó jẹ́ o. Ẹni tó bá fi oṣù kẹwàá wé oṣù kìíní á pariwo pé igbó ti tán, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ló kàn dé. Ẹ sì ṣọ́ra fún ohun méjì tó máa ń jọ omi nínú àwòrán: ibi tí iná oko ṣẹ̀ṣẹ̀ jó, àti òjìji òkè. Ní oṣù kìíní, nǹkan bíi aago mẹ́wàá àbọ̀ sí mọ́kànlá àárọ̀ ni àwọn sátẹ́láìtì yìí máa ń kọjá lókè wa, oòrùn sì wà ní gúúsù ìlà-oòrùn. Ẹ̀gbẹ́ kejì òkè á ṣókùnkùn bí adágún. Tí ẹ bá fẹ́ kí ojú yín mọ́ ọn lára, ẹ kọ́kọ́ wo dáàmù Omi tó wà ní apá Èjìbà ní Yàgbà West. Omi gidi ni, ó fẹ̀, ó rọrùn láti rí. Ẹ wò ó ní oṣù kọkànlá, ẹ tún wò ó ní oṣù kẹta, ẹ máa rí bí etí rẹ̀ ṣe ń sún wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè padà wá sílé. Nígbà òjò, kùrukùru máa ń bo gbogbo rẹ̀. Àwòrán rádà, bíi ti sátẹ́láìtì Sentinel-1, ló ń la kùrukùru kọjá. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń rí ibi tí omíyalé dé ní Lọ́kọ́ja, bíi ti 2022.

Kí ni ẹ ó rí? Mi ò tíì wo ti ìlú yín, àmọ́ ohun tí mo ti rí káàkiri Ìjùmú àti Bùnú jọra. Oko ti dé etí odò. Igbó orí ìsun ti di èédú. Iná ń jó orí òkè lọ́dọọdún. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé igi ló ń mú omi wá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ pátápátá, igi náà ń mu omi, igi bíi yúkálíptọ́ọ̀sì sì ń mu ún gan-an, ẹ má gbìn ín sí orí ìsun láé. Ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ tí ewé jíjẹrà bò máa ń rọ̀, òjò á rọra wọ inú rẹ̀ lọ, á sì máa jò sínú odò díẹ̀díẹ̀ títí di oṣù kẹta. Ilẹ̀ tí iná ti jó, tí màlúù ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, òjò á sáré lórí rẹ̀ bí orí páànù. Ọjọ́ tí òjò rọ̀, odò á kún àkúnya. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ti tán. Bí odò yín bá ń kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní oṣù kẹsàn-án, tó sì ń gbẹ ṣáájú ti tẹ́lẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí òkè nìyẹn. Ẹ bi àwọn àgbà bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ẹ má fa ààlà ìlú kankan sórí máàpù náà. Mo bẹ̀ yín. Mo ti rí ìpàdé omi tó di ìjà ilẹ̀ nítorí pé ẹnì kan fẹ́ kí máàpù lẹ́wà, ó fa ìlà pupa láàrin ìlú méjì. Ẹ ya òkè, odò, ìsun àti ọ̀nà nìkan. Ẹ gbé e lọ bá ọba aládùúgbò yín lọ́wọ́ kan, obì lọ́wọ́ kejì, kí ẹ fi hàn án pé òkè rẹ̀ ló ń bọ́ odò tiyín, odò tiyín sì ń lọ bọ́ ti ẹlòmíràn. Ìdúnàádúrà lórí iná oko àti igbó ìsun á rọrùn ju tí ẹ bá kàn gbé ẹ̀sùn lọ.

Fún àwọn tó ń ka èyí láti apá Ìsánlú, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà: sátẹ́láìtì máa fi hàn yín bí omi ṣe pọ́n àti ibi tí ẹrẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, bí odò náà bá fẹ̀ tó. Kò lè fi mákúrì, májèlé tí àwọn kan fi ń kó wúrà jọ, hàn yín. Ìyẹn, àfi kí wọ́n gbé omi lọ sí ilé àyẹ̀wò.

Ohun kan tí ẹ lè ṣe lórí fóònù lálẹ́ òní: ẹ ṣí Google Earth, ẹ fi rúlà inú rẹ̀ wọn òrùlé ilé ẹ̀kọ́ àti ti ṣọ́ọ̀ṣì tó tóbi jù. Mílímítà òjò kan lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan. Òjò tiwa ń kọjá mílímítà 1,000 lọ́dún. Òrùlé tó jẹ́ mítà ogún ní òró, márùn-ún ní ìbú, lè gba lítà 100,000. Ká sọ pé ìdá kan nínú márùn-ún ṣòfò, ó ku 80,000. Ẹ fi wé iye táńkì tí ẹ ní. Kò ní rọ́pò bọ́hóòlù, àmọ́ ó lè gba àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìrìn àárọ̀ lọ sódò títí di àárín oṣù kejìlá.

Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ẹ pè é padà. Ẹ sọ fún un pé ẹ kò ra omi lọ́wọ́ rẹ̀, máàpù ni ẹ fẹ́. Kó ya ilẹ̀ tó ń bọ́ odò yín, kó fa àwọn ìlà tó rí, kó kọ déètì àwòrán kọ̀ọ̀kan tó lò, kó sì rìn ín pẹ̀lú àgbẹ̀ méjì láti ìlú. Ẹ san díẹ̀ ṣáájú, kí ẹ san ìyókù tó bá ti rìn ín tán. Tó bá gbà, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ lò ó. Tó bá ní kò pọn dandan kí òun dé ibẹ̀, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Kó tó padà wá, ẹ ra okùn, ẹ ta kókó sí i ní mítà kọ̀ọ̀kan, ẹ so òkúta kékeré mọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ fún ọmọ SS2 kan tó já fáfá, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ kan. Kó máa sọ ọ́ sínú kànga mẹ́fà tí àwọn ìyá bá yàn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni tó pọnmi, kó kọ ibi tí omi wà. Tí ẹ bá ti ní ti oṣù mẹ́ta, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi; màá fi lé orí máàpù, màá sì pè yín.